Àgbàdo Tí A Gbìn Kí Oṣù Tó Lé

Kí n tó sọ ohunkóhun, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa tó dá òòrùn àti òṣùpá, tó sì dá mi sí títí mo fi lè sọ òtítọ́ nípa ara mi. Ilé ìwé ìjọ ni mo ti mọ̀wé kà, inú ìjọ náà ni mo sì wà dòní. Ọpẹ́ mi kò lábùlà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí korò lẹ́nu mi, n kò sì ní fi oyin sí i.

Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ni à ń gbé, láyé ìgbà tí wọ́n ń kọ́ pápá ìṣeré ńlá Sùúrùlérè lọ́wọ́. Tíṣà ni bàbá mi, òun ló sì máa ń ka Bíbélì fún ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi. Nígbà tí bàbá tirẹ̀ kú, ìyá rẹ̀ wá bá wa gbé láti abúlé kan lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́. Màmá àgbà ni à ń pè é. Orí ibùsùn mi ni wọ́n ní kó máa sùn, èmi pẹ̀lú rẹ̀. Ó ń wúkọ́, ara rẹ̀ ń rùn fún òrí, ó sì máa ń fi ẹsẹ̀ tì mí mọ́ ògiri. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Mo fẹ́ kí ibùsùn mi padà di tèmi.

Ilẹ̀ òfìfo kan wà lẹ́yìn ilé wa. Màmá àgbà ló ro ó. Ó kó irúgbìn àgbàdo wá láti abúlé, ó fi háhá wọn so wọ́n pọ̀, ó gbé wọn kọ́ sókè ààrò kí èéfín lè lé kòkòrò.

Òjò àkọ́kọ́ ọdún náà rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan. Láàárọ̀ Sátidé, bàbá mi gbé ọkọ́, ó nawọ́ sí irúgbìn.

"Tíṣà, fi í sílẹ̀," ni Màmá àgbà wí. "Òjò ẹ̀tàn lèyí. Oṣù ti ń kú lọ. Ẹni tó bá gbin àgbàdo sínú òkùnkùn oṣù, eku ló gbìn ín fún. Jẹ́ kí oṣù tuntun lé ná, kí èsúnsún fò."

"Màmá, kèfèrí ló ń wo òṣùpá. Ọlọ́run ló ń mú ohun ọ̀gbìn dàgbà."

"Òun náà ló dá òṣùpá. Àbí aago ilé ìwé rẹ ni òjò ń gbọ́ ni, tí o máa lù ú kó wá tò sórí ìlà?"

Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ó sì yára fọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀rín yẹn ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Bàbá mi tú gbogbo irúgbìn náà, kò ṣẹ́ ìkankan kù. Ó gbàdúrà lé e lórí, ó sì gbìn ín tán kó tó di ọ̀sán.

Àgbàdo náà hù dáadáa. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni bàbá mi fi ń mú àlejò lọ wò ó. Lẹ́yìn náà òjò dá. Òòrùn ń yan ilẹ̀ bí ẹní yan ẹ̀pà. À ń pọnmi láti ẹ̀rọ ìta, àwọn ará àdúgbò sì ń bú wa pé omi mímu là ń dà sílẹ̀. Ewé ká kò, ó pọ́n, ó gbẹ. Màmá àgbà kò sọ pé òun ti wí tẹ́lẹ̀. Ká ní ó sọ ọ́, bóyá ìbá sàn. Ìdákẹ́ rẹ̀ gan-an ni bàbá mi kò lè fara dà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí òòrùn ṣe wọ̀, oṣù tuntun, ìkejì láti ìgbà tí a ti gbìn, yọ tínrín lókè òrùlé páànù. Màmá àgbà dúró láàárín àgbàdo gbígbẹ, ó gbọ́wọ́ sókè, ó kí oṣù bí wọ́n ti ń kí i lábúlé. Àǹtí aránṣọ tó kọjú yàrá sí tiwa, ọ̀kan nínú akọrin ìjọ wa, rí i lójú fèrèsé. Kí a tó jẹun alẹ́, ó ti dé ọ̀dọ̀ bàbá mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, ẹnu mi kọ́ lẹ ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bá òṣùpá sọ̀rọ̀ nínú oko tó kú, ẹ wádìí ohun tó pa oko."

Èmi ni mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá àgbà pẹ̀lú garawa omi nígbà tó ń kí oṣù. Bàbá mi pè mí. Ó ní, "Kí lo gbọ́?"

Ohun tí mo gbọ́ nìyí: "Oṣù lé o. Kó san ọmọ mi, kó san ilé rẹ̀, ní orúkọ Jésù." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mo wo ojú bàbá mi, mo rí ohun tó fẹ́ gbọ́, mo sì rántí ibùsùn mi.

"Wọ́n dárúkọ yín, sà. Wọ́n ní kí àgbàdo yín gbẹ."

Màmá àgbà wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbọ́. "Ìyá mi," ó pè mí bó ti máa ń pè mí, "ṣé bó o ṣe gbọ́ ọ nìyẹn?"

Mo wolẹ̀.

"Ẹ fi ọmọ sílẹ̀, Màmá," ni bàbá mi wí.

"Ó dáa. Tíṣà ti máàkì iṣẹ́ mi. Mo ti féèlì."

Ní Sátidé, bàbá mi mú un lọ sí gáréèjì ní Mùṣín. Ó gbàdúrà ìrìnàjò fún un kí mọ́tò Ògbómọ̀ṣọ́ tó gbéra. Lálẹ́ ọjọ́ náà mo dá sùn, mo sì sun oorun àsùnwọra. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù.

Ọjọ́ kẹrin, òjò dé, ojúlówó òjò. Èsúnsún fò bo gbogbo iná àdúgbò. Gbogbo èèyàn ń gbìn, àwa kò ní irúgbìn. Bàbá mi dúró lójú fèrèsé, ó ń wo òjò. Kò ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀ padà. Èmi náà kò la ẹnu.

Màmá àgbà kú lábúlé nígbà ọyẹ́. Níbi ìsìnkú, bàbá mi dìde, ó dúpẹ́ fún ìyá oníwà-bí-Ọlọ́run. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Orin parí, gbogbo ìjọ jókòó, èmi náà jókòó.

N kò sọ pé òṣùpá ló ń mú àgbàdo so. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ wo ojú ọ̀run mọ òjò yàtọ̀ sí òjò. A pe ìgbéraga tiwa ní ìgbàgbọ́, a pe ìmọ̀ tirẹ̀ ní àjẹ́. Bàbá mi náà ti lọ, kò mọ̀ pé mo purọ́. Mo ti jẹ́wọ́ fún Ọlọ́run, mo sì gbà pé Ó ti dárí jì mí. Ẹni tó yẹ kí n kúnlẹ̀ fún ni kò sí mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, kí Olúwa fi àgbà jíǹkí ilé yín, kó sì fún yín létí tí ẹ ó fi gbọ́ tiwọn. Bí ẹ bá sì ti purọ́ mọ́ ẹni tó ṣì wà láàyè, kó fún yín lókun láti lọ kúnlẹ̀ fún un lónìí. Àmín.