Dálíà Méjìdínlógún

Aránṣọ kan wà tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń pè ní Kòsábùkù. Kì í ṣe pé kì í ṣàṣìṣe o. Bó bá ṣàṣìṣe, kí ẹni tó ni aṣọ tó dé, á ti tú ojú rírán náà, á ti tún un rán, á sì ti lọ aṣọ náà dán débi pé abẹ́rẹ́ gan-an ò ní mọ ibi tó kọ́kọ́ gbà kọjá. Ogójì ọdún ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wá gbà pé kò sóhun téèyàn bà jẹ́ tí kò ṣeé tú palẹ̀ kí olóhun tó dé. Àṣìṣe rẹ̀ tó tóbi jù nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, fẹ́ lọ lo oṣù mẹ́jọ lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ tó bímọ. Kó tó lọ, ó gbé páálí kan wá fún àbúrò rẹ̀. Gbòǹgbò òdòdó dálíà ọkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀, wọ́n ṣù mọ́ra bí ọ̀dùnkún. Awakọ̀ ni olóògbé náà, òdòdó pupa fòò yìí ló sì máa ń jókòó tì bó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ẹ̀gbọ́n ní kó fi gbòǹgbò náà sílẹ̀ nínú páálí, níbi tó gbẹ, títí àsìkò ìgbìn, kó wá gbìn ín sẹ́yìnkùlé. Ó tún fún un ní àpòòwé kan tí irúgbìn òdòdó náà wà nínú rẹ̀. Ó ní ìyẹn ní tirẹ̀, kó sáà bá òun tọ́jú ẹ̀, òun máa gbìn ín bí òun bá dé.

Ẹni tó mọ̀ tán ni Kòsábùkù. Ó ní gbòǹgbò tó bá gbẹ á kú, ló bá wọ́n omi sí i, ó kó o sínú ọ̀rá, ó so ẹnu ọ̀rá pinpin, ó sì tì í sábẹ́ síńkì. Kí oṣù méjì tó pé, òórùn ló júwe ibẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ti di ẹrẹ̀.

Ojú tì í gan-an. Ìyàwó rẹ̀ ní kó tẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láago, kó jẹ́wọ́. Ó ní rárá, òun á tún un ṣe. Àbí kì í ṣe ohun téèyàn bá gbìn ló ń ká? Ó já àpòòwé náà, ó gbin irúgbìn sínú agolo, méjìdínlógún ló sì hù. Ó kó wọn lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó ká orí wọn kí wọ́n lè pẹ̀ka, ó fi igi tì wọ́n lẹ́yìn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá ọmọ tuntun ò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá pè láti béèrè òdòdó, á ní wọ́n ń ṣe dáadáa. Lẹ́yìn ìyẹn, kò ní lè wo ojú ìyàwó rẹ̀.

Ìrudi àkọ́kọ́ ya ẹnu, ó pọ́n bí ìyeyè. Kòsábùkù rò pé hóró àjèjì ló ṣèèṣì bọ́ sínú àpòòwé, ó sì fà á tu. Èkejì náà ò pupa. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé gbòǹgbò dálíà ló ń bí irú ara rẹ̀, pé hóró kọ̀ọ̀kan máa ń mú ojú tirẹ̀ wá sáyé ni. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n ń bọ̀ ti kù dẹ̀dẹ̀. Ní àràárọ̀, kí ìyàwó rẹ̀ tó jí, á ti wà lẹ́yìnkùlé. Ìrudi tí ẹnu rẹ̀ bá ti ya tí kò pupa, á fà á tu, á gbé e sọ sí ààtàn, á fi ewé bò ó bí olè.

Ìyàwó rẹ̀ ká a mọ́bẹ̀ lọ́jọ́ kan. "Olówó orí mi," ó ní, "òdòdó kì í ṣe ṣòkòtò o. Ẹ pe ẹ̀gbọ́n yín."

Kò pè é. Ẹyọ kan péré ló ṣẹ́ kù, ó pupa lóòótọ́, àmọ́ ewé òdòdó rẹ̀ ò ju mẹ́jọ lọ, nígbà tí ti olóògbé máa ń ki pọ̀ lórí ara wọn.

Ẹ̀gbọ́n dé, ẹ̀yìnkùlé ló kọ́kọ́ gbà lọ. Kòsábùkù nawọ́ sí ẹyọ òdòdó pupa náà, ó ní òdòdó ọkọ rẹ̀ nìyí. Ẹ̀gbọ́n wò ó, ó wo àbúrò rẹ̀, ó sì béèrè ibi tí gbòǹgbò wà. Ìgbà yẹn ni ọkùnrin náà jẹ́wọ́, ó ń wo ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kò bínú. Ó ní gbòǹgbò a máa rà, pé ọ̀rẹ́ ọkọ òun kan níbi iṣẹ́ ní irú ẹ̀, yóò fún òun. Ara tu Kòsábùkù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.

"Inú àpòòwé lo ti mú eléyìí nígbà náà," ni ẹ̀gbọ́n wí, ojú rẹ̀ sì là. Ó ní ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọkọ òun máa ká irúgbìn lára òdòdó rẹ̀. Ó ní ọkùnrin náà ń sọ pé hóró kọ̀ọ̀kan á mú òdòdó tẹ́nikẹ́ni ò rí rí wá, pé òun á gbé àpótí ìjókòó síwájú wọn, òun á máa wò wọ́n. Nígbà tí àìsàn ò gbà fún un, ó ní kí ìyàwó òun bá òun wò wọ́n. "Mélòó ló hù?"

"Méjìdínlógún, ẹ̀gbọ́n mi."

"Àwọn tó kù dà?"

Ó nàka sí ààtàn. Ká ní ilẹ̀ lanu ni, ì bá kó sínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wo ibẹ̀ títí, ó wá jókòó sórí òkúta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Ó dáa," ó ní. "Sọ bí wọ́n ṣe rí fún mi. Lọ́kọ̀ọ̀kan."

Kòsábùkù ní ọ̀kan pọ́n bí ìyeyè. Ó ní ọ̀kan fẹ́ funfun létí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń dúró de àwọn yòókù.

"Mi ò jẹ́ kí wọ́n tanná," ló sọ níkẹyìn. "Èmi náà ò rí wọn."