Òpó Góòlù Onírin

Ọdún mọ́kànlá ni Jòhánù fi gbá bọ́ọ̀lù jẹun ní orílẹ̀-èdè Tọ́kì kó tó padà sí Abereke wá di kóòṣì wa. Igi la fi ń ṣe òpó góòlù níbí. Tí òkun bá ti ń sún mọ́ ọn, a ó hú u, a ó sún un sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń tú ilé pákó wa. Jòhánù ní ìwà ọ̀lẹ nìyẹn. Ó ra irin, ó fi kọnkéré dè é mọ́lẹ̀ sétí òkun. Ìyá mi bi í pé, "Ọmọ mi, tí omi bá dé, báwo lo ṣe fẹ́ hú u?" Ó kàn rẹ́rìn-ín ni.

Kò pé ọdún méjì, góòlù náà ti wọ omi. Láàárọ̀ àná, ó ya ìdí ọkọ̀ ìpẹja mi. Mo fìbínú lọ sílé Jòhánù láti lọ bú u.

Mo bá a níta, ó ń fi ìṣísẹ̀ wọn ilẹ̀ láti etí omi bọ̀ sílé rẹ̀. Bíríkì ni ilé ọ̀hún, owó Tọ́kì ló fi kọ́ ọ.

Ó ní, "Ogún ìṣísẹ̀ ni lóṣù tó kọjá."

Mo tẹ̀ lé e. Ó ka méjìlá, ọwọ́ rẹ̀ kan ilẹ̀kùn.