Bátìrì Tuntun Méjì, Ògbólógbòó Méjì

Mo rántí ìgbà tí mo fi òwe ki bátìrì bọ inú ẹ̀rọ tí ìyá mi fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, tí gbogbo ilé sì ń yìn mí. Oṣù mẹ́ta péré ni mo fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún rédíò ṣe ní Ìfọ́n kí n tó sá padà wálé sí Ìlobù, mo wá ń pe ara mi ní ẹnjiníà. Ẹnjiníà radaràda. Bátìrì mẹ́rin ni ẹ̀rọ náà ń lò; méjì ti kú, méjì ṣì ń mí díẹ̀díẹ̀. Mo ra tuntun méjì, mo kì wọ́n mọ́ ògbólógbòó méjì, mo ní, "Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Àwọn ọmọdé á gbé àwọn àgbà."

Ìyàwó kejì bàbá mi, tí wọ́n bí sí Gánà kí àwọn òbí wọn tó kó wálé, nìkan ni ò yìn mí. Ìyá Gánà la ń pè wọ́n. "Bátìrì kì í ṣe ẹbí," ni wọ́n wí. "Èyí tó ti gbó á sun omi sára ẹ̀rọ. Tó o bá ti lò ó tán, yọ gbogbo ẹ̀." Wọ́n ní agolo mílíìkì kan tí wọ́n ń kó bátìrì tọ́ọ̀ṣì àti ti rìmóòtù sí nígbà tí wọn ò bá lò wọ́n. Ahun ni mo pè wọ́n, mo sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìyá mi, tí kì í fẹ́ kí ohun tó dáa gbó, fi ọ̀rá mẹ́ta wé ẹ̀rọ náà, tòun ti bátìrì, wọ́n tì í mọ́ inú àpótí.

Ọ̀pọ̀ oṣù kọjá. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan, òòyì kọ́ ìyá mi, ahọ́n wọn sì ń wúwo. Wọ́n ní kí n bá àwọn wọn ìfúnpá. Mo tú ọ̀rá. Ògbólógbòó méjì yẹn ti tu itọ́ funfun tó ti gan mọ́ sípíríǹgì. Ẹni tórí ẹ̀ pé á gbé ìyá ẹ̀ lọ sílé ìwòsàn. Èmi jókòó sọ́ọ̀dẹ̀, mo mú ọ̀bẹ, mo ń ha á. "Ìṣẹ́jú márùn-ún, Ìyá mi," ni mo ń wí, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pé wákàtí kan, tí sípíríǹgì fi ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ìyá Gánà ti oko dé, wọ́n rí ẹnu ìyá mi tó ti wọ́ sápá kan.

"Kí lo ń wọ̀n?"

Wọn ò dúró gbọ́ èsì. Wọ́n ti sáré lọ dá takisí dúró tó gbé wa lọ sí Òṣogbo.

Ìyá mi yè, ṣùgbọ́n apá òsì wọn ò gbéra mọ́. Dókítà ní ká ní a tètè dé ni. Nígbà tá a padà sílé, Ìyá Gánà fi ọ̀rá bọwọ́, wọ́n yọ bátìrì burúkú yẹn dànù, wọ́n fi òwú tó mu omi ọsàn wẹ́wẹ́ nu itọ́ náà títí ó fi yọ́ kúrò, wọ́n fi òwú gbígbẹ nù ún, wọ́n sá a sóòrùn. Sípíríǹgì tọ́ọ̀ṣì tó ti bàjẹ́ ni wọ́n fi rọ́pò èyí tí mo ṣẹ́. Ẹ̀rọ tan. Iṣẹ́ tí ẹnjiníà ò rí ṣe nìyẹn.

Lónìí, ọwọ́ mi ni agolo mílíìkì náà wà. Tuntun mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà ni mo ń rà, mo sì ń yọ wọ́n tá a bá ti wọn ìfúnpá tán. Àwọn ọmọ mi ń pè mí ní ahun, mo gbà. Láràárọ̀, kí n tó so ẹ̀rọ mọ́ apá ọ̀tún ìyá mi, wọ́n á kọ́kọ́ fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ọwọ́ òsì kúrò lórí tábìlì, wọ́n á rọra gbé e lé itan. Wọn ò bá mi wí rí. Mi ò sì tún pa òwe yẹn mọ́ níwájú wọn.