Orúnkún Tàbí Ẹ̀yìn

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, kò sí ohun tó dára láyé lójú mi bí ìjàkadì àdúgbò wa. Ahunṣọ ni mí, bí mo bá sì ti jókòó sídìí òfì láàárọ̀, ẹnu mi kì í sinmi mọ́. Màá ní ti àwọn Gàmbàrí, agbára lásán ni. Tiwa ló ní ọgbọ́n nínú. Bí o bá ti mọ tiwa, kò sẹ́ni tó lè dá ọ.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló kọ́ mi. Ọdún mẹ́rin gbáko ló fi kọ́ mi bí a ṣe ń dì mọ́ ènìyàn níbàdí, tí a ó fi gìgísẹ̀ kọ́ gìgísẹ̀ rẹ̀, tí a ó sì yí i sẹ́yìn. Ó ti ń dàgbà nígbà náà, ó sì ti sọ fún gbogbo ilé pé bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, òun yóò fa agbo ìjàkadì lé ọ̀kan nínú wa lọ́wọ́. Èmi ni gbogbo wọn ń wò. Ká má parọ́, mo fẹ́ ipò yẹn ju ìyàwó lọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà, Gàmbàrí ni, ó ń ṣe alápatà ní ọjà Ìpata. Ìfọ́nnu mi sú u.

Ó ní, "Wàláhì, ẹnu rẹ nìkan ló ń jà. Wá ká dán an wò ní Jímọ̀."

A kírun Alásárì tán kí a tó bọ́ ẹ̀wù. Èrò pé jọ, títí kan àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní rélùwéè tuntun. A dì mọ́ra, mo kọ́ gìgísẹ̀ rẹ̀, mo yí i, ẹ̀yìn rẹ̀ sì balẹ̀ gbì! Àwọn ènìyàn mi hó yèè. Àwọn alápatà náà hó. Wọ́n ní orúnkún mi ti kan ilẹ̀ kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó kan án, àti pé lọ́dọ̀ àwọn, ẹni tí orúnkún rẹ̀ bá ti kan ilẹ̀ ti ṣubú. Lọ́dọ̀ tiwa, àfi ẹ̀yìn! Gbogbo ariwo tí a ti ń pa láti ọjọ́ yìí wá, kò sẹ́ni tó bi ẹnì kejì léèrè ohun tó ń jẹ́ ìṣubú. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ẹnì kan ní ká gbé e lọ bá àjẹ́lẹ̀ òyìnbó.

Ọ̀rẹ́ mi gbọn iyanrìn ara rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

"Ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, tiyín la ó jà. Ẹ̀yìn nìkan."

Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ẹni yìí fẹ́ bá ẹja díje nínú omi! Mo fọ́nnu káàkiri àdúgbò lọ́sẹ̀ yẹn, mo gbàgbé pé àṣejù, baba àṣetẹ́ ni.

Jímọ̀ pé. A ò tíì dì mọ́ra dáadáa tí gìgísẹ̀ kan fi kọ́ tèmi. Ìbàdí rẹ̀ yí, ojú ọ̀run ni mo rí. Ohun tí mo fi dá a gan-an ló fi dá mi. Èyí tó dùn mí jù ni pé ó ṣe é dára jù mí lọ, orúnkún rẹ̀ kò kan ilẹ̀ rárá. Nílé wọn o, nílé wa o, mo ti ṣubú. Ojú tì mí débi pé mi ò lè dìde.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi fi ọ̀pá tilẹ̀ wá.

Ó bi alápatà léèrè pé, "Ta ló kọ́ ọ nìyẹn?"

Ó nàka sí mi. "Òun náà ni, Bàbá. Ní Jímọ̀ tó kọjá, nígbà tó fi dá mi."

Bàbá wò mí títí. Mo mọ̀ pé agbo ti bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ó ní, "Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ ọ, orúnkún rẹ ṣì ń kan ilẹ̀. Ìwọ kọ́ ẹni ẹlẹ́ni lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tirẹ̀ ò kan ilẹ̀. Gba agbo. Ó dà bíi pé ìwọ lo mọ̀ ọ́n kọ́."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Títí dòní, mi ò mọ̀ bóyá ó yìn mí ni tàbí ó bú mi. Mo gbà á ṣáá, níbi tí mo dùbúlẹ̀ sí.