Ajá Tí N Kò Ní

Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n lẹ ìwé náà mọ́ ògiri, lẹ́yìn aago kan ọ̀sán, nígbà tí gbogbo àwa olùkọ́ tó jẹ́ Mùsùlùmí ti lọ kírun. Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí pé láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n fún wa. Èmi kò rí i títí di àárọ̀ Mọ́ńdè. Ọjọ́ mẹ́ta ti lọ nínú àkókò mi kí n tó mọ̀ pé wọ́n fún mi ní àkókò kankan.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí. Láti sáà tó ń bọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni olùkọ́ kọ̀ọ̀kan yóò máa fi ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì, títí kan olùkọ́ Lárúbáwá. Olùkọ́ kọ̀ọ̀kan yóò jókòó níwájú ẹni mẹ́ta fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọn yóò bi í ní ìbéèrè ní Gẹ̀ẹ́sì, yóò sì fèsì. Ẹni tí kò bá yege, wọn yóò gba kíláàsì àgbà lọ́wọ́ rẹ̀. Púrínsípà tuntun ló fọwọ́ sí i, ẹni tí kò tíì lo oṣù méjì láàárín wa.

Èmi ni olùkọ́ Lárúbáwá, obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ùsítáàsà. Ilé-ẹ̀kọ́ girama aládàáni ni, lójú ọ̀nà Malete. Bọ́ọ̀sì ni mo ń wọ̀ lọ síbẹ̀ láti Ìlọrin lárààárọ̀. Ọdún mẹ́fà ni mo ti fi kọ́ kíláàsì àgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ ń kọ Lárúbáwá tó dára ju èyí tí mo ń kọ nígbà tí mo wà lọ́jọ́ orí wọn. Àwọn kíláàsì yẹn ni wọ́n fẹ́ gbà. Wọn yóò wá fi mí sọ́dọ̀ àwọn ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ álífù. Kì í ṣe pé n kò lọ ilé-ìwé o. Yunifásítì ni mo ti gboyè. Gẹ̀ẹ́sì, mo lè kà á, mo sì lè kọ lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni kò ní rí àléébù sí. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá dojú kọ mí, tó ń sọ ọ́ wàràwàrà, etí mi á di, ahọ́n mi á wúwo bí òkúta.

Mo lọ bá olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì wa. Obìnrin ará Òmù-Àrán ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, Màmá ni gbogbo wa ń pè é. Òun ló sọ fún mi nípa pọ́díkáàsì, ètò tí ènìyàn máa ń gbà sórí fóònù tí á sì gbọ́ nígbà tó bá wù ú, bíi rédíò tí kò ní àkókò tirẹ̀. Ó yan ọ̀kan fún mi: ọkùnrin kan tó ń gbé ní ìlú òtútù, tó ń sọ̀rọ̀ nípa ìgbé ayé rẹ̀ ojoojúmọ́ fún àwọn tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní kí n fi sétí kí n máa ṣiṣẹ́ mi lọ, pé á wọlé fúnra rẹ̀.

Mo ra íyápíìsì ní Táíwò Road. Mo fi sétí nígbà tí mo bá ń fọṣọ, nígbà tí mo bá ń dáná, nínú bọ́ọ̀sì lọ, nínú bọ́ọ̀sì bọ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá gbáko. Ohun tó wọlé kò ju orin tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ètò náà lọ. Mo lè súfèé orin yẹn fún yín báyìí. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà ń kọjá létí mi bí ọkọ̀ tó ń kọjá lójú títì, àwọn ọjọ́ mi sì ń bá a lọ. Ìmọ̀ràn tí wọ́n fún mi tọkàntọkàn ni, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn tó jẹ mí ní ọjọ́ mẹ́wàá ni, n kò sì lè fi orúkọ mìíràn pè é.

Bàbá mi ló dá mi dúró. Àáfáà ni, ilé kéú rẹ̀ wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀ iwájú ilé wa, ibẹ̀ sì ni èmi náà ti kọ́ kéú. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bí mo ṣe ń gba iwájú rẹ̀ kọjá pẹ̀lú nǹkan létí, ó ní kí n yọ ọ́. Ó bi mí pé kí ni mò ń gbọ́. Mo sọ fún un. Ó ní ìlà mélòó ni mo ti gbé lónìí.

"Bàbá, kì í ṣe ìlà. Odindi ètò ni. Bí ìdajì wákàtí ni."

Ó wò mí bí ó ṣe máa ń wo ọmọ tó gbé wàláà, pátákó kéú, tí kò fọ̀ wá síwájú rẹ̀.

"Ta ló kọ́ ẹ ní odindi súúrà lọ́jọ́ kan rí?"

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti kó pọ́díkáàsì náà lọ sí ilé kéú. Lẹ́yìn àsùbáà, mo máa ń mú ìṣẹ́jú kan péré nínú ètò náà. Mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta láìdá a dúró. Lẹ́yìn náà, mo máa ń dá a dúró ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, mo sì máa ń sọ ọ́ tẹ̀lé e, sókè, bí àwọn ọmọ ṣe ń wí tẹ̀lé Bàbá. Màá kọ ohun tí mo gbọ́ sínú ìwé, màá wá fi wé ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ ètò náà, kí n lè rí ibi tí etí mi ti purọ́ fún mi. Lọ́jọ́ kejì, n kì í mú tuntun àfi tí mo bá dá ti àná padà láìwo ìwé. Nínú bọ́ọ̀sì Malete, ẹnu mi kì í dákẹ́. Obìnrin kan tó jókòó tì mí rò pé àsíkìrì ni mò ń ṣe, ó ní kí n fi ọmọ òun tó ń wá iṣẹ́ sínú àdúà.

Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, etí mi là. Mo tún gbọ́ ètò tó ti kọjá létí mi lásán tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, ó mọ́ kedere. Inú mi dùn débi pé n kò rí ohun tí mò ń ṣe.

Ohun tí mò ń ṣe ni pé n kò yí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan padà. Nílé kéú, ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ kan rọ́pò òmíràn nínú Kùránì, pàṣán Bàbá á bá a. Mo wá há ọkùnrin ìlú òtútù yẹn sórí bí a ṣe ń há súúrà, pẹ̀lú ibi tó ti mí, pẹ̀lú ibi tó ti wúkọ́ díẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ ìdánwò náà fi máa pé, ìṣẹ́jú mọ́kànlá ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló wà lórí mi. Èyí tó dán jù nínú wọn ni ibi tó ti ń sọ bí àárọ̀ rẹ̀ ṣe máa ń rí.

Nínú ọ́fíìsì púrínsípà ni wọ́n ti ṣe é. Àwọn mẹ́ta náà ni púrínsípà, Màmá, àti ọkùnrin kan tó ń ṣojú ẹni tó ni ilé-ẹ̀kọ́. Fóònù kan wà lórí tábìlì tó ń gba ohùn sílẹ̀. Aago ara ògiri, lókè orí púrínsípà, sọ pé aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Aṣojú náà bi mí ní Gẹ̀ẹ́sì pé báwo ni mo ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ mi.

Mo gbọ́ ọ. Gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni mo gbọ́. Ẹnu mi sì gbéra.

Mo sọ fún wọn pé aago méje ààbọ̀ ni mo máa ń jí. Mo ní kọfí dúdú ni mo kọ́kọ́ máa ń mu, n kì í fi ṣúgà sí i. Mo ní mo wá máa ń mú ajá mi jáde sínú òjò, pé ajá náà ti darúgbó, kò sì fẹ́ràn òjò, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn mi. Èmi, ọmọ àáfáà, tó jẹ́ pé bí ajá bá fahọ́n kan abọ́ nílé wa, ẹ̀ẹ̀méje la ó fọ̀ ọ́. Mo ń gbọ́ ara mi. N kò lè dúró, nítorí pé kò sí ẹni tó kọ́ mi láti dúró láàárín ẹsẹ. Mo tilẹ̀ wúkọ́ níbi tí ọkùnrin náà ti wúkọ́.

Aṣojú náà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Màmá fọwọ́ bo ẹnu. Púrínsípà bi mí pé kí ni orúkọ ajá náà.

Kò sí ìyẹn nínú ohun tí mo há sórí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní kí n máa lọ. Mo wo aago: mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni wọ́n lò fún mi nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n kọ sínú ìwé tiwọn.

Kí a tó ṣíwọ́ lọ́jọ́ náà, ohùn mi ti wà nínú gúrúùpù àwa olùkọ́ lórí fóònù. Ẹni tó gbé e síbẹ̀ kò jẹ́wọ́ títí di ìsinsìnyí. Nígbà tí mo wọ yàrá àwọn olùkọ́ lọ́jọ́ kejì, olùkọ́ ìṣirò ti ń dúró dè mí.

"Ùsítáàsà, ajá ńkọ́? Ṣé ó ti jẹun?"

Mo ní ó wà nílé, ó ń ṣe ìṣirò tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ kò lè ṣe. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Mo kọ lẹ́tà sí púrínsípà. Mo kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé n kò jiyàn nípa ajá. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá tó ṣẹ́ kù ni mò ń béèrè. Mo ní kí akọ̀wé lu ẹ̀dà tèmi lóńtẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án kọjá, ẹnikẹ́ni kò fèsì. Ní ọjọ́ kẹfà nínú wọn, bí mo ṣe ń kọ́ni lọ́wọ́, púrínsípà mú ọkùnrin kan tó wọ kóòtù wọlé, ó fi ibi tí a ń kó ìwé Lárúbáwá sí hàn án. Wọn kò sọ nǹkan kan fún mi, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé olùkọ́ tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò mi ni. Àwọn ọmọ ń wo ọkùnrin náà, wọ́n tún ń wò mí.

Mo rò pé Bàbá yóò rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ ajá náà fún un lálẹ́ ọjọ́ tí mo kọ lẹ́tà. Kò rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run la kì í yí. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn, ta ló ní kí o má yí i?"

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tún mú ìṣẹ́jú kan náà. Mo fi egungun gbólóhùn rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, mo bọ́ ẹran ara rẹ̀ kúrò, mo fi tèmi sí i: àsùbáà, omi tí mò ń pọn, ohùn àwọn ọmọ kéú ní ọ̀ọ̀dẹ̀, bọ́ọ̀sì tó máa ń kún kí n tó dé. Mo ń gba ohùn ara mi sílẹ̀, mo ń gbọ́ ọ, mo ń tún un sọ, n kò sì jẹ́ kí ìkejì bá àkọ́kọ́ dọ́gba. Ó nira ju kí n há a sórí lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá sọnù mọ́ mi lẹ́nu, kò sí ọkùnrin kankan tí màá sá tọ̀.

Màmá wá jókòó tì mí ní àkókò ìsinmi. Ó ní bàbá òun jẹ́ tíṣà, pé Gẹ̀ẹ́sì ti wà nínú ilé wọn kí òun tó mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, pé òun kò mọ̀ pé kì í wọlé fún gbogbo ènìyàn bẹ́ẹ̀.

"Ẹ rẹ́rìn-ín, Mà," mo ní.

"Mo rẹ́rìn-ín," ó ní. Kò wá àwáwí. Láti ọjọ́ náà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójoojúmọ́ ló fi ń bi mí ní ohun tí n kò múra sílẹ̀ fún.

Wọ́n pè mí padà ní ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn lẹ́tà mi. Mo bọ́ aago ọwọ́ mi, mo gbé e sórí tábìlì níwájú wọn. Aṣojú náà kò béèrè nípa àárọ̀ mi mọ́. Ó ní kí ni ilé-ẹ̀kọ́ náà fẹ́ fi Lárúbáwá ṣe. Mo ṣe àṣìṣe, mo mọ ibi tí mo ti ṣe é. Lẹ́ẹ̀mejì, mo sọ fún wọn pé n kò ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ lò, mo wá gba ẹ̀yìn ṣàlàyé rẹ̀, bí mo ṣe gbọ́ tí ọkùnrin ìlú òtútù máa ń ṣe. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú méjì, púrínsípà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tún bi mí ní orúkọ ajá.

Mo fèsì ní Gẹ̀ẹ́sì pé olùkọ́ mi ló ni ajá. Mo ní àgbò la ní nílé wa, a kò sì sọ ọ́ lórúkọ, nítorí pé a máa pa á jẹ ní Iléyá.

Aṣojú náà tún rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé irú ti àkọ́kọ́ kọ́ nìyí.

Lọ́jọ́ kẹta, púrínsípà pè mí, ó na ìwé kan sí mi. Ọkùnrin oníkóòtù jókòó sí ìta, fáìlì rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. Ìwé náà sọ pé kíláàsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì jẹ́ tèmi. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé mo gbà pé ìdánwò àkọ́kọ́ gba ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bí ìwé ìkéde ti wí, pé n kò ní ẹ̀sùn kankan. Àyè ìfọwọ́sí tèmi wà nísàlẹ̀. Ó ti ṣí bírò fún mi.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo bi í bóyá a lè yí ọ̀rọ̀ kan padà.

"Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ tán, Ùsítáàsà. A kì í yí i."

Mo gba bírò náà. Mo fa ìlà la mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọjá, mo kọ mẹ́rin sókè rẹ̀. Mo tún fa ìlà la ibi tí wọ́n ti ní n kò ní ẹ̀sùn. Mo fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibi méjèèjì, mo wá fọwọ́ sísàlẹ̀, mo dá ìwé náà padà fún un.

Ó wò ó. Ó wo ilẹ̀kùn tí ọkùnrin náà jókòó sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó gbé orí sókè wo aago ara ògiri, bí ẹni pé aago náà lè gbè é. Agogo ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kẹta dún.

"Ẹ máa lọ," ó ní. "Àwọn ọmọ ń dúró dè yín."

Mo lọ. Wọn kò tíì yọ ohùn mi kúrò nínú gúrúùpù náà. Lẹ́tà tí mo kọ nípa ìyẹn ti wà lọ́dọ̀ akọ̀wé. Ó ti lu ẹ̀dà tèmi lóńtẹ̀.