Irú Tí Àlàájà Jẹ Tán Kó Tó Ná An

Ọjọ́ tí Àlàájà san iye tí mo kọ́kọ́ pè láì jiyàn, mo rò pé ara rẹ̀ ni kò yá. Láti Ìsàlẹ̀ Òsì ló ti máa ń fẹsẹ̀ rìn wá ra irú lọ́wọ́ mi ní Ọjà'ba, kò sì sí ọjọ́ tó wá tí ọ̀fun àwa méjèèjì kì í gbẹ kó tó gbé irú lọ. Àfi ọjọ́ náà. Mo ní, "Sílè mẹ́jọ." Nígbà náà, àwa ará ọjà ṣì ń pe kọ́bọ̀ mẹ́wàá ní sílè kan. Àlàájà ní, "Kí Ọlọ́run fi bàrákà sí i." Ó kówó lélẹ̀, ó lọ. Mo yẹ owó náà wò bóyá ayédèrú ni.

Ìdí irú ni mo dàgbà sí. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà tí olùkọ́ fi ní òórùn mi kò jẹ́ kí òun rí pátákó kà. Mo fi pátákó sílẹ̀ fún un, mo gba ìdí irú lọ. Ìyá mi ló kọ́ mi pé iye tí a kọ́kọ́ ń pè fún oníbàárà, bí ìkíni ló rí. Ẹni tó bá san án, kò dáhùn ìkíni.

Mojísọ́lá ló mú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ wá. Akẹ́kọ̀ọ́ ni, ó gba yàrá sí Oníyanrìn. Ó ti gba oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì, ó tún ń kàwé lọ bí ẹni tí ìwé jẹ ní gbèsè. Ó kúnlẹ̀ níwájú igbá mi.

"Ẹ káàárọ̀, Mà. Ohùn yín ni mo fẹ́ gbà sílẹ̀."

"Ohùn mi? Kí ni n ó wá fi ta irú?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣàlàyé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tirẹ̀ fẹ́ ṣe àpérò, kí kálukú wá sọ ohun tó wádìí. Ṣùgbọ́n wọn kì í pe gbogbo ènìyàn. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n mú òun gbọ́dọ̀ kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ sínú abala ìwé kan, kó fi ohùn tó gbà sílẹ̀ tì í, kó fi ránṣẹ́ kí ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá lọ. Bí a ṣe ń ná ọjà ni tirẹ̀. Bàbá rẹ̀, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ti là á mọ́lẹ̀ fún un: bí wọn kò bá mú un lọ́tẹ̀ yìí, owó iléèwé parí, kó lọ wá iṣẹ́ ṣe.

Mo ní, "Fọkàn balẹ̀. Tó bá jẹ́ ariwo lò ń wá, ilé rẹ̀ lo wá."

Ó gbé ẹ̀rọ lé orí abọ́ tí mo dojú rẹ̀ dé. Olùkọ́ rẹ̀ ti kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ fi pa mọ́, pé ẹni tí a máa gba ohùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀. Ìyẹn ló ba ọjà jẹ́. Bí iná pupa orí ẹ̀rọ bá ti tàn, gbogbo wa a di áńgẹ́lì. Ìyá Débọ̀, tó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó máa ń ṣépè fún eṣinṣin, bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún ìjọba. Èmi náà ń sọ̀rọ̀ bí àwọn tó ń ka ìròyìn lórí rédíò: "Ẹ káàbọ̀ o, oníbàárà wa ọ̀wọ́n." Oníbàárà náà wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Níwájú ẹ̀rọ yìí ni Àlàájà ti san sílè mẹ́jọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, tí í ṣe Àlàmísì, Mojísọ́lá ti ọ̀dọ̀ olùkọ́ rẹ̀ dé, ojú rẹ̀ wú.

"Wọ́n ní àdúrà ni mo gbà wá, Mà. Wọn ò gbọ́ ibi tí ẹnikẹ́ni ti ná ọjà. Ọ̀la ló sì parí."

Inú mi bàjẹ́. Ṣé èmi kọ́ ni mo ní kó fọkàn balẹ̀? Bí mo ṣe ń fa àpótí fún un kó jókòó ni Àlàájà yọ, ó ti fún gèlè mọ́ ìdí.

"Ìyá Onírú! O jẹ́ kí n san sílè mẹ́jọ!"

"Àlàájà, ẹ̀yin lẹ san án."

"Ẹ̀rọ yẹn ni mò ń wò! Mi ò fẹ́ kí àwọn ọ̀mọ̀wé gbọ́ pé ìyá àgbà ń jà nítorí irú. Mo délé, mo sọ iye tí mo rà á, ni àwọn ọmọ mi bá ń pè mí ní Ìyá Olówó. Jókòó. A máa ná an lónìí."

"Irú tó wà níbo?"

"Ó wà níkùn mi. Ná an síbẹ̀!"

Mojísọ́lá nujú kíá. "Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ṣé kí n tan ẹ̀rọ?"

"Tàn án! Òun ló dá a sílẹ̀, kó wá jẹ́rìí."

Ó tàn án. Àlàájà ní, "Sílè mẹ́ta."

"Kò gbà. Ẹ mú méje àbọ̀ wá."

"Irú tó ní òkúta nínú?"

"Òkúta dà? Ẹ gbé e wá ká rí i."

"Mo ti gbé e mì!"

"Ẹ ti jẹ òkúta mi mọ́ irú nìyẹn. Ẹ fowó sí i!"

Ọjà dúró. Ìyá Débọ̀ gbàgbé ìjọba. "Àlàájà, ẹ má gbà fún un o! Olè paraku ni!"

"Gbẹ́nu sọ́hùn-ún, ìwọ tí ata rẹ kò ta ọmọ ọwọ́ lẹ́nu!"

Nígbà tí a óò fi fi ẹnu kò sí sílè márùn-ún, mo ti ń làágùn. Mo dá mẹ́ta padà fún un. Ó tún na abọ́ sí mi.

"Èènì mi ńkọ́?"

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀kúnwọ́ tí a máa ń bù lé ọjà lẹ́yìn tí a bá ti rà á ló ń bèèrè, lórí irú tó ti di ọbẹ̀ lánàá! Kí ni n ó ṣe? Mo bù ú.

Mojísọ́lá tún ń sunkún, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló fà á. Orí àpótí mi ló jókòó sí tó ti kọ abala ìwé náà. Lọ́jọ́ Jímọ̀, mi ò mọ ohun tí mò ń tà. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo rí i lókèèrè tó ń ti ọ̀nà Bẹẹrẹ bọ̀, tó nawọ́ méjèèjì sókè. Ó ti fi sílẹ̀ fún wọn. Mo mí kanlẹ̀, mo jókòó.

Wọ́n mú un. Ó ní nígbà tí ẹ̀rọ dé ibi òkúta, àwọn ọ̀mọ̀wé fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga. Bàbá rẹ̀ wa ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ wá kí mi, ó ra irú, ó san iye tí mo kọ́kọ́ pè. Mo gbà á. Ọpẹ́ ni mo kà á sí.

Àlàájà ti dolóògbé, kí Ọlọ́run forí jì í. Orúnkún ti lé èmi náà kúrò lọ́jà. Mojísọ́lá, tó ti ń kọ́ni fúnra rẹ̀ báyìí, sọ fún mi pé òun ṣì máa ń ti kásẹ́ẹ̀tì náà bọ ẹ̀rọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun. Ọkàn mi balẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ bẹ́ẹ̀. Àlàájà ṣì wà níbẹ̀, ó ń pe sílè mẹ́ta. Èmi náà ṣì wà níbẹ̀, mo ní kò gbà.