Ọkọ Victorine, Tó Ń Wá Ibi Tí Gáàsì Ń Yọ́ Jáde

Ọdún tí ìjọba Nàìjíríà lé àwọn àlejò kúrò ní ilẹ̀ wọn ni Rogatien Oyèlẹ́yẹ padà sí Ikpinlè, ìlú wa lódìkejì ẹnubodè. Ẹrù tó gbé bọ̀ kò kún àpò kan. Ìyàwó rẹ̀, Victorine, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ló lọ pàdé rẹ̀ lójú títì. Ọkùnrin tó máa ń sọ̀rọ̀ tó sì máa ń rẹ́rìn-ín kó tó lọ, kò sọ ju “ẹ ṣé” lọ fún gbogbo àwọn tó wá kí i káàbọ̀. Victorine rò pé àárẹ̀ ọ̀nà ni.

Nítorí àwọn àlejò yẹn, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tó ń sè fún un jóná nídìí ìkòkò. Ojú tì í, ṣùgbọ́n kò sí òmíràn nílé. Rogatien jẹ ẹ́ tán, ó lá ọwọ́, ó ní òun kò tíì jẹ irú rẹ̀ rí ní gbogbo ibi tí òun ti rìn. Victorine wò ó títí. Ó mú ìgò epo àtùpà, ó ṣí i sí imú ọkọ rẹ̀, ó bi í pé òórùn kí nìyẹn. Rogatien ní omi lásán ni. Ibẹ̀ ni Victorine ti mọ̀ pé imú ọkọ òun ti kú.

Díẹ̀díẹ̀ ló wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Lọ́hùn-ún, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa rìn tọ ọ̀pá irin ńlá kan tó ń gbé gáàsì gba inú igbó àti àbàtà kọjá, láti ibi tí wọ́n ti ń wa epo lọ sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ìgò. A kì í fi ojú rí gáàsì. Nítorí náà, Rogatien á gbé garawa omi ọṣẹ dání, á máa fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún sí gbogbo ibi tí ọ̀pá kan ti so mọ́ èkejì. Ibi tí ìfófòó bá ti ń wú, ibẹ̀ ni gáàsì ti ń yọ́ jáde. Á sì dí i, tàbí kó ké sí àwọn tó ń jó irin. Lọ́jọ́ kan, gáàsì burúkú kan tú lù ú lójú, ó ṣubú lulẹ̀, wọ́n gbé e jáde. Òun jí, imú rẹ̀ kò jí.

Ìgbà ìjọba Ìyípadà ní ilẹ̀ tiwa ni à ń wí yìí, nígbà tí gbogbo wa ń pe ara wa ní kamaráàdì. Ìjọba ti gbẹ́ kòtò gáàsì kan sẹ́yìn ilé ìgbẹ̀bí wa ní Ikpinlè. Wọ́n fi símẹ́ǹtì mọ ọ́n bí ìkòkò ràgàjì tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n sì fi erùpẹ̀ bò ó. Ìgbẹ́ màlúù àwọn Fúlàní àti omi ìdọ̀tí tó ń ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n bá se epo pupa ni wọ́n ń dà sínú rẹ̀. Bó bá jẹrà, gáàsì rẹ̀ á gba ọ̀pá wọlé, òun ni Ìyábùnmi agbẹ̀bí fi ń tan àtùpà, tó sì fi ń se omi gbígbóná fún àwọn abiyamọ. Gbogbo ìlú ló fẹ́ràn kòtò náà.

Nígbà tó yá, iná àtùpà náà ń rẹ̀yìn. Fábíyì, délégé tí ìjọba fi ṣe olórí ìlú wa, pàṣẹ pé kí wọ́n da ìgbẹ́ kún ìgbẹ́. Wọ́n dà á, kò yàtọ̀. Àwọn aboyún ń sọ pé ara ògiri ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, pé orí ń fọ́ àwọn. Fábíyì kì í ṣe ẹni tó ń jókòó wo ìṣòro. Ó di koríko gbígbẹ jọ, ó ṣáná sí i, ó fẹ́ máa gbé e tọ ara ọ̀pá lọ kí ibi tó lu lè gbiná, kó lè hàn.

Oko ni Rogatien ti ń bọ̀. Bó ṣe rí iná náà, ó ju ọkọ́ sílẹ̀, ó sáré, ó gba koríko lọ́wọ́ Fábíyì, ó fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́ títí tó fi kú. Àwọn èèyàn rò pé orí rẹ̀ ti dàrú.

Ó ní, “Kamaráàdì, a kì í fi iná wá a. Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó fi iná wá a. Èṣùbíyì lorúkọ rẹ̀. Bàtà rẹ̀ nìkan ni mo rí gbé fún àwọn èèyàn rẹ̀.”

Fábíyì bi í wọ́ọ́rọ́wọ́ pé kí wá ni wọ́n fi ń wá a.

“Ọṣẹ ni.”

Ọṣẹ kò sì wọ́n nílé wọn, nítorí iṣẹ́ ọṣẹ dúdú ni Victorine ń ṣe. Ó po omi ọṣẹ sínú agbada, ó gbé e lórí wá. Tọkọtaya náà bẹ̀rẹ̀ láti ìdí kòtò, wọ́n ń kùn ún lọ títí dé ẹnu àtùpà. Ní ibi tí ìfófòó bá ti wú, Rogatien á fún ìdè ọ̀pá le, á sì fi rọ́bà tí wọ́n gé lára táyà kẹ̀kẹ́ wé e. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, iná àtùpà ti dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò tíì rí bó ṣe rí nígbà tuntun. Rogatien ní ó ti tán, kò sí ihò mọ́.

Victorine kò gbà. Ó dúró lẹ́bàá igi ìbẹ́pẹ kan tí ewé rẹ̀ ti ń pọ́n láìtọ́jọ́, ó ní òórùn náà ṣì wà.

Rogatien ní, “Ìyá Àdùkẹ́, ojú mi ti wo gbogbo ọ̀pá yìí.”

“Ẹ̀yin lẹ ni ojú, Bàbá Àdùkẹ́. Èmi ni mo ni imú. Abẹ́ ilẹ̀ níhìn-ín ló wà.”

Wọ́n fà á díẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, àwọn obìnrin sì ń rẹ́rìn-ín. Níkẹyìn Rogatien mú ọkọ́, ó wa erùpẹ̀ ibẹ̀ kúrò láti fi hàn án pé kò sí nǹkan kan. Ó kan orí símẹ́ǹtì. Ìlà tín-ín-rín kan bí okùn irun là á kọjá. Victorine da omi ọṣẹ sí i, ìfófòó ru sókè bí ẹ̀kọ tó ń hó. Rogatien jókòó sílẹ̀ nínú erùpẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Victorine ní láti ọjọ́ tó ti dé, ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí òun gbọ́ ẹ̀rín ọkọ òun.

Wọ́n kó ohun inú kòtò jáde. Fábíyì fẹ́ wọnú rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, Rogatien kò gbà. Ó ṣí ojú rẹ̀ sílẹ̀ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i dáadáa, lẹ́yìn náà ó fi okùn sọ àgbébọ̀ kan tó wà nínú agbọ̀n kalẹ̀ láti mọ̀ bóyá gáàsì tó lè pa èèyàn ṣì wà níbẹ̀. Ó pẹ́ kó tó fà á sókè. Adìyẹ náà ń ké, inú ń bí i, kò sí ohun tó ṣe é. Ìgbà yẹn ni mọlémọlé tó wọlé, tó fi símẹ́ǹtì pa ojú ibi tó là, tó sì fi àbẹ́là yíyọ́ kùn ún lẹ́yìn tó gbẹ.

Láti ìgbà náà, kí Victorine tó gbé ọṣẹ lọ sọ́jà, àwọn méjèèjì á kọ́kọ́ yí kòtò náà ká: imú ìyàwó níwájú, omi ọṣẹ ọkọ lẹ́yìn. Rogatien bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ nípàdé. Nígbà tí àwọn ará Kpoulou tó wà nítòsí wa náà gbẹ́ kòtò tiwọn, Fábíyì yá tọkọtaya náà ní mọ́bílẹ́ẹ̀tì rẹ̀, alùpùpù kékeré kan, wọ́n lọ bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Iṣu ni wọ́n gbé bọ̀, èyí tó pọ̀ débi pé ẹsẹ̀ ni Victorine fi rìn wálé.

Nígbà òjò, gáàsì máa ń pọ̀ ju èyí tí àtùpà lè lò lọ. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lára ọ̀pá tí a lè ṣí kó tú u dànù sójú ọ̀run. Rogatien kì í fẹ́ kí wọ́n ṣí i. Ìyábùnmi bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló kàn án, ṣebí ojú ọ̀run fẹ̀.

Ó ní, “Afẹ́fẹ́ tí àwọn ọmọ tuntun ń mí náà nìyẹn. Ẹ gbé ìkòkò kaná.”

Nítorí náà, bí gáàsì bá ti pọ̀, ẹ̀wà á máa hó níbẹ̀. Obìnrin tó bá bímọ ní Ikpinlè lákòókò yẹn á jẹ ẹ̀wà yó kó tó gbé ọmọ rẹ̀ lọ sílé.

Nígbà tí ìjọba Ìyípadà ń lọ sópin, àwọn Fúlàní ti kó màlúù wọn lọ síbòmíràn, ìgbẹ́ kò sí mọ́. Àwọn kan ní kí wọ́n kàn fi kòtò náà sílẹ̀. Rogatien kọ̀. Ó jó gáàsì tó kù nínú rẹ̀ tán lẹ́nu àtùpà, ó tú àwọn ọ̀pá, ó bá àwọn èèyàn kó ohun inú rẹ̀ lọ sóko, ó sì fi erùpẹ̀ dí i pa. Victorine gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sójú ibẹ̀. Ó so gan-an.